Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá tí mo rà ní Àjàṣẹ́

Nínú oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń wọn ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀, nínú ilé, ní ilé òògùn kan tí kò jìnnà sí ọjà Ouando níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀. 27,500 fránkì sẹ́fà ni mo san. N kì í sábà kọ nǹkan nípa ohun tí mo fi owó mi rà, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fẹ̀yìntì ti bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí àwọn náà ra irú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí i pé ó yẹ kí n jókòó, kí n rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Ìdáhùn kúkúrú tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n rà á, kí wọ́n ra ọ̀já apá tí ó bá apá wọn mu mọ́ ọn, kí wọ́n má sì ṣe rò pé ẹ̀rọ náà ti bá wọn wo kíndìnrín wọn. Ìdáhùn gígùn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ilé rẹ̀ wà ní Kétu ni ó jẹ́ kí n ronú kan ẹ̀rọ náà. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí àwa tí a wà ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní tàǹsíọ̀n. Bí orí bá ń fọ́ ọ, a lo òògùn rẹ̀. Bí orí kò bá fọ́ ọ, a gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ ènìyàn lórí kí ó tó ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń ta òògùn nínú agbọ̀n lọ́jà ni ó ti ń ra ibuprofen àti diclofenac, ó ń gbé e mì láràárọ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé irú òògùn ìrora bẹ́ẹ̀ a máa dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí kíndìnrín kù, a sì máa gbé ìfúnpá sókè. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú tí bàtà kò gbà á mọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu ni ó ń gbé báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ wà, wákàtí mẹ́rin ni ó sì ń lò lórí ibùsùn nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ bá a jókòó níbẹ̀, tí mo ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tí ó sì ń gba inú òmíràn padà, ni mo pinnu pé n kò ní dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ tèmi yóò wú. Èmi náà ti ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́fà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìfúnpá ń fi ojú kíndìnrín rí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun ná 27,500 fránkì sórí ẹ̀rọ tí kò lè lọ ata, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Kíndìnrín méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìkúùkù lọ, ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa tọ̀sán tòru. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ wíńníwíńní tí ó tó mílíọ̀nù kan wà. Omi tí gbogbo wọn ń sẹ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́ tó 180 lítà, ṣùgbọ́n ara ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ wa kì í fi í sábà ju lítà kan tàbí méjì lọ. Ìyá wa a máa sẹ́ ògì ní àgbàlá ilé wa ní Kétu, mo sì rántí bí ó ṣe máa ń kìlọ̀ fún àwa ọmọ tí ń bá a da omi pé kí a rọra dà á, nítorí pé bí omi bá ń fi agbára já lu aṣọ asẹ́ lójú kan náà, aṣọ yóò ya, eèrí yóò sì bá ògì lọ. Ohun tí ìfúnpá gíga ń ṣe nìyẹn. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́ yóò nípọn, wọn yóò sì le. Àwọn asẹ́ kan yóò kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, àwọn tí ó kù yóò máa ṣe iṣẹ́ tiwọn àti ti àwọn tí ó ti kú, títí àwọn náà yóò fi ya, tí albumin, ìyẹn purotéènì tí ó yẹ kí ó dúró nínú ẹ̀jẹ̀, yóò fi máa jò sínú ìtọ̀. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé kíndìnrín tí kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà tó a máa rò pé gbogbo ara ni kò ní ẹ̀jẹ̀ tó, a sì tú èròjà kan tí ń jẹ́ renin síta, a di iyọ̀ àti omi mú sínú ara, ìfúnpá a sì tún ga sí i. Ẹni tí wọ́n ń nà ni ó tún ń lọ bá wọn já ẹgba wá.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ kan àwa Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde àyípadà méjì nínú apilẹ̀-àbùdá kan (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) tí wọ́n ń pè ní APOL1, tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láàárín Yorùbá náà. Wọ́n gbà pé ohun tí ó jẹ́ kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára wa ni pé ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá papọ̀, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ, àwọn dókítà kan sì gbà pé lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ìfúnpá gíga tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jogún rẹ̀ ni àrùn kíndìnrín ń mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ kò nílò àyẹ̀wò apilẹ̀-àbùdá kí ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kan òun.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò tóbi ju rédíò kékeré lọ. Bátìrì kékeré mẹ́rin, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní píìlì, ni ó ń lò. Ojú rẹ̀ fẹ̀, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sì tóbi débi pé n kì í wá ìgò ojú mi kí n tó kà á, èyí tí í ṣe oore ńlá ní aago mẹ́fà àárọ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń gbé jáde: ti òkè ni agbára ìfúnpá nígbà tí ọkàn bá ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń sinmi, ẹ̀kẹta sì ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kì í fi etí gbọ́ ẹ̀jẹ̀ bí dókítà ṣe ń fi ohun ìgbọ́yà gbọ́ ọ; ìgbọ̀nrìrì òpó ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ọ̀já ni ó ń mọ̀ lára, tí ó sì ń fi ìyẹn ṣírò. Ó tún ń ka èsì rẹ̀ sókè ní èdè Faransé pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí ń rọra pe ọ̀rọ̀ bí olùkọ́ kíláàsì CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo ará ilé a sì gbọ́ iye tèmi kí èmi fúnra mi tó rò ó. A lè pa ohùn náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ bátìrì ni ó ń padà wá.

Orí ọ̀já apá ni ìjà wa wà. Ní ilé òògùn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tà á fún mi ṣí páálí, ó ki bátìrì bọ̀ ọ́, ó sì dè é mọ́ mi lápá lórí ẹ̀wù, lórí ìdúró, bí ó ti ń bi mí léèrè bóyá epo bẹntiróòlù ti wọ́n sí i ní ẹnubodè. Ó sọ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì sanwó. Kò béèrè bí apá mi ti tóbi tó. Nígbà tí mo délé, ọ̀já náà kò fẹ́ẹ́ lè yí apá mi ká. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún inú rẹ̀ tán, ẹnu rẹ̀ a máa já kúrò lára ara wọn, ṣàrà, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ ya. Ìgbà tí ó dì mú nígbẹ̀yìn, 168 lórí 101 ni ó gbé jáde. N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ìyá àwọn ọmọ, tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, dè é mọ́ tirẹ̀, 118 lórí 74 ni ó rí, ó sì ní kí n lọ máa bẹ̀rù iyọ̀ kí n yé bẹ̀rù ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ń lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà mí kò tilẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ náà. Téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò ni ó fà yọ nínú àpò, ó sì wọn agbede-méjì apá mi láàárín èjìká àti ìgúnpá. 35 sẹ̀ǹtímítà. Ó wá yí ọ̀já náà padà, ó fi ìka hàn mí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí inú rẹ̀ gbọọrọgbọọrọ: 22 sí 32. “Ẹ ò rí i, bàbá? Apá yín ti ju ọ̀já lọ. Ọ̀já tó bá kéré máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe wà lọ, èyí tó bá tóbi jù á sì gbé e wálẹ̀.” Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, n kò sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀já tí mo fi 27,500 rà. Mo padà sí ilé òògùn náà pé kí wọ́n fún mi ní èyí tí ó tóbi, wọ́n ní àwọn kò ní i, pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kútọnu ni mo ti rí i rà nígbẹ̀yìn, ti ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó ṣe ẹ̀rọ, 9,500 fránkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí ẹ̀rọ yìí jẹ́ kí ó yáa kọ 37,000 sílẹ̀, àyàfi tí apá rẹ̀ bá rí bí ti ìyá àwọn ọmọ.

Nígbà tí ọ̀já ńlá dé, mo tún gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì náà. Ó fi ti ilé ìwòsàn wọn mí, ó fi tèmi wọn mí, ó tún fi tiwọn, ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò sì ju mẹ́rin lọ. Ọmọ mi kan wá lọ wo orúkọ ẹ̀rọ náà nínú àkọsílẹ̀ STRIDE BP lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì rí i pé ó ń sọ òótọ́. Ó bá a níbẹ̀. Bí kò bá bá a níbẹ̀ ni, ǹ bá dá a padà, nítorí pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ni ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ra irú èyí tí a ń dè mọ́ ọrùn-ọwọ́ láti Èkó, owó rẹ̀ kò tó ìdajì tèmi, ó sì máa ń fi í yangàn nínú ìpàdé wa. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi ń dúró de alága, ó ti sọ 121, ó ti sọ 149, nítorí pé bí ó bá ti gbé ọwọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ọkàn wà díẹ̀ ni nọ́ńbà ń ga, bí ó bá sì gbé e sókè, nọ́ńbà a lọ sílẹ̀. Ti àwọn tí ń fi ìka lé ojú fóònù pé àwọn ń wọn ìfúnpá, n kò ní fi ìwé ṣòfò lé e lórí.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ju owó lọ ni sùúrù. Bí mo bá jí, tí mo ti lọ tọ̀, kí n tó jẹun kí n sì tó lo òògùn, mo jókòó lórí àga tí ó ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì lélẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, apá mi tí kò ní aṣọ lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni n óò fi dákẹ́ kí n tó tẹ bọ́tìnnì. N óò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín, n óò kọ méjèèjì sínú ìwé, n óò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́. Ọjọ́ méje ni dókítà ní kí n fi ṣe é kí n tó lọ rí i. A yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, a ro ìyókù pọ̀, a sì fi iye wọn pín in dọ́gba. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ó le jù, nítorí pé ilé Yorùbá kò mọ̀ pé àgbàlagbà lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n kí i “ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa?” kí ó má sì dáhùn. Aládùúgbò mi kan ti lọ bi ìyá àwọn ọmọ léèrè ohun tí ó fi ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kan tí mo dáhùn, tí mo sì béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mi fi mọ́kànlá ga ju ti ìgbà tí mo tún un wọ̀n lọ.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti san owó mi padà fún mi rèé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ rí dókítà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ọ̀sán, 132 lórí 80 tàbí ohun tí ó jọ ọ́ ni ó máa ń rí, ó sì máa ń yìn mí. Ìwé tí mo gbé lọ fún un lẹ́yìn ọjọ́ méje sọ ohun mìíràn: 149 lórí 91 láàárọ̀, 138 lórí 84 lálẹ́. Bí ẹni tí wọ́n gbé gáàrì ayédèrú fún ni ó ṣe wò ó. Aago méje àárọ̀ ni mo ń lo òògùn mi, nígbà tí mo bá sì dé iwájú rẹ̀, òògùn náà ti wà nínú agbára rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti tán lára mi, kíndìnrín mi sì ti ń jẹ ìyà láti òru. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ṣe ń fi 140 lórí 90 ṣe ààlà nílé ìwòsàn, 135 lórí 85 ni ààlà fún èyí tí a wọ̀n nílé, àti pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń jò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìyẹn pàápàá. Ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí àrùn kíndìnrín, KDIGO, tilẹ̀ dábàá ní ọdún 2021 pé kí nọ́ńbà òkè má tó 120 bí ara aláìsàn bá gbà á, nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ètò tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Dókítà mi ní tèmi kò gbọ́dọ̀ ju 130 lọ, pé òun kò fẹ́ kí òòyì gbé mi ṣubú ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́fà: ìtọ̀ mi.

Èyí ni ó jẹ́ kí n fi ìdíwọ̀n sí ìyìn tí mo ń yin ẹ̀rọ náà. Bí omi ṣe ń já lu asẹ́ ni ó ń sọ; kò lè sọ bóyá asẹ́ ti ya. Ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní àdúgbò wa, ọmọbìnrin kan ri ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ alápò-àpò bọ inú ìtọ̀ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ike tí wọ́n ya àwọ̀ sí, èmi àti òun sì jọ tẹjú mọ́ àpò kan tí ó yẹ kí ó dúró ní àwọ̀ ìyeyè. Ó fẹ́ẹ́ yí sí àwọ̀ ewé, bí ewé àgbàdo tí ń ràn lọ. “Ó wà níbẹ̀ díẹ̀,” ó ní, “ṣùgbọ́n ìwé yìí kì í tètè rí èyí tó kéré, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.” Ìwọ̀n albumin sí creatinine (ìdọ̀tí láti inú iṣan ara tí ń bá ìtọ̀ jáde) ni àyẹ̀wò náà ń jẹ́. Bí kò bá tó 30 mílígíráàmù lórí gíráàmù kan, kò séwu. Láti 30 sí 300, jíjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ju 300 lọ, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Tèmi jẹ́ 118. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibà tàbí iṣẹ́ agbára lè gbé e ga fún ìgbà díẹ̀, kò sì wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé agbára ìsẹ́ kíndìnrín mi wà ní 68. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 60 fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí àrùn kíndìnrín láìsí àríyànjiyàn, bí ó bá sì wà nísàlẹ̀ 15, ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé 68 yẹn nìkan kì bá tí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìtọ̀ ni ó tú àṣírí. Kò sí ibi tí ń dùn mí, ẹsẹ̀ mi kò wú, ìtọ̀ mi kò sì hó.

Dókítà fi losartan kún òògùn mi, ó sì pín lílo wọn sí àárọ̀ àti alẹ́. Losartan àti àwọn òògùn tí orúkọ wọn parí sí “-pril”, bíi ramipril àti enalapril, a máa dín agbára tí ń ti ẹ̀jẹ̀ nínú asẹ́ kíndìnrín gan-an kù, èyí sì ni wọ́n fi ń yàn wọ́n fún ẹni tí ó bá ń jò. Wọn kì í ṣe òògùn tí ènìyàn ń yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́: aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n, wọ́n sì ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí potásíọ́mù, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, má baà ga jù. Ìdí kan náà ni dókítà fi kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe fọwọ́ kan iyọ̀ tí wọ́n fi potásíọ́mù ṣe, tí wọ́n ń tà fún àwọn onítàǹsíọ̀n bí ẹni pé ó dára fún gbogbo ènìyàn. Diclofenac di èèwọ̀ nílé wa.

Iyọ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, a sì ti máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó dé ọ̀sán nínú ilé tí wọ́n ń fi kúùbù Mágí mẹ́ta se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ̀mà, tí wọ́n tún já lánhúìn, ìyẹn ẹja oníyọ̀ tí wọ́n mú kan, sí i, tí wọ́n sì ti fi búrẹ́dì jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ìyá àwọn ọmọ kọ́kọ́ ní òun kò lè máa se omi gbígbóná fún ènìyàn. Irú ni ó gbà wá. Ó fi irú tútù, àlùbọ́sà tí ó pọ̀ àti ata díndín rọ́pò kúùbù méjì ààbọ̀, ó sì fi lánhúìn sílẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú. Lójú ẹ̀rọ ni mo ti rí i pé kì í ṣe àròsọ. Nígbà tí a lọ sìnkú ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ọbẹ̀ àwọn olóòkú láì lè sọ̀rọ̀, nọ́ńbà àárọ̀ mi kúrò ní 127, ó di 141, ó sì gbà mí ní ọjọ́ márùn-ún nílé kí ó tó padà síbi tí ó wà. Kò sí ìwàásù dókítà kankan tí ó tíì yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àbùkù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan léwu. Ẹ̀rọ náà ní iná kékeré kan tí ó ń tàn ní àwọ̀ ewé bí ó bá rí i pé ohun gbogbo dára, ó sì ń tan àwọ̀ ewé fún 138 lórí 88. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń jò, irọ́ ni iná yẹn ń pa, mo sì ti fi pílásítà bò ó. Ìdérí ibi tí bátìrì wà ti kán, rọ́bà ni mo fi dè é. Ẹni méjì ni ó lè tọ́jú nọ́ńbà wọn, 60 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ìyá àwọn ọmọ bá gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀, tirẹ̀ a bá tèmi lọ, èyí tí ó jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ara mi yá gan-an ní oṣù Kẹta. Nítorí náà inú ìwé ni mo ń kọ tèmi sí.

Ní oṣù kẹjọ, 127 lórí 78 ni mo ń rí láàárọ̀, albumin tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ mi sì ti wálẹ̀ sí 46. Mo fún ẹ̀rọ náà ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ilé òògùn tí mo ti rà á, méjì ni mo kọ́kọ́ fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo padà síbẹ̀ láti ra ẹ̀rọ kejì fún àbúrò mi obìnrin tí ó wà ní Kétu, tí mo ti ní kí ó wọn apá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: 38 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀já ńlá méjì ni mo bá lórí ìṣó lẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, 10,000 fránkì, ó fi 500 wọ́n ju ti Kútọnu lọ. Obìnrin kan wà níwájú mi tí ó fẹ́ ra ti ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà na ọwọ́ sí páálí, ó rí mi, ó fà á padà, ó sì fa dúrọ́ọ̀ sílẹ̀ wá téèpù. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe bàbá lórí fóònù, kí wọ́n wọn apá wọn kí n tó tà á fún yín.”